Ìdajì Kí Ni? Ìṣirò Tó Wà Nídìí Ìbò Owó Orí àti Ìpèpadà Aṣòfin

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá, òun náà ni n ó sì máa padà sí títí tí n ó fi jókòó: bí òfin bá ní “ìdajì” tàbí “ìdá méjì nínú mẹ́ta,” ìdajì kí ni? Ẹni tó ń ra gààrí lọ́jà mọ̀ pé kóńgò méjì lè jọra lójú, kí wọ́n sì ti tẹ ìdí ọ̀kan wọnú. Òfin ìbò náà ní ìdí tirẹ̀. Ẹ bá mi yí i dé, ká wò ó.

California, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, àwọn ará ibẹ̀ dìbò fún Proposition 13, àbá òfin tí ará ìlú fúnra wọn ń dìbò lé lórí. Ó ní owó orí ilé àti ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 iye dúkìá, iye tí ìjọba kọ sí dúkìá náà kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 2 nínú 100 lọ sókè lọ́dún, àfi tí wọ́n bá tà á tàbí tí wọ́n kọ́lé tuntun sí i. Èyí tí gbogbo yín mọ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn èèyàn kì í kà dé ni pé òfin kan náà ló ní kí ìlú tàbí káńtì (ìjọba ìbílẹ̀ tó kó ìlú púpọ̀ pọ̀) tó bá fẹ́ gba owó orí àkànṣe kọ́kọ́ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò. Proposition 218 ti ọdún 1996 wá là á yékéyéké. Owó orí tó bá ń wọ àpò gbogbogbòò ìjọba, kí ìbò bẹ́ẹ̀ ni ṣáà ti ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n tí ìjọba bá ti dárúkọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi owó náà ṣe, ìbáà ṣe ọ̀nà, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn, àfi ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ẹ gbọ́ o! Ìjọba tó sọ ohun tó fẹ́ fi owó yín ṣe ni wọ́n di ẹrù wúwo rù, èyí tó ní “ẹ ṣáà mówó wá” ló ń rìn fẹ́rẹ́. Àwọn tó ń gbèjà òfin yìí máa ń ní ààbò onílé ni. N kò gbà. Ààbò wo ló ń fìyà jẹ ẹni tó ṣàlàyé ara rẹ̀?

Ẹ wo káńtì Los Angeles ní oṣù kọkànlá ọdún 2012. Measure J, àbá ìbò ti káńtì náà, fẹ́ fi ọgbọ̀n ọdún kún owó orí ọjà, ààbọ̀ sẹ́ǹtì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, fún ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀nà. Nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn tó dìbò, bí 661 ní bẹ́ẹ̀ ni, bí 339 ní rárá. Rárá ló wọlé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni nílò 667. Proposition 13 tó gbé òdiwọ̀n yìí kalẹ̀ ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ kò rí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìbò tó ju ìdajì lọ ló fi wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà kò ṣàì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní Santa Clara lọ́dún 1996, ohun méjì ni wọ́n kọ sórí ìwé ìbò: Measure B gba owó orí wọ àpò gbogbogbòò, Measure A kàn to orúkọ ọ̀nà àti ọkọ̀ ojú irin gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn. Wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní ó bófin mu. Ewu rẹ̀ ni pé ìmọ̀ràn kò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ tó bá dé lọ́la lè kó owó náà lọ síbòmíràn. Ọ̀nà kejì ni kí ará ìlú fúnra wọn gba ìbuwọ́lùwé jọ láti gbé owó orí náà wá síbi ìbò. Proposition C ti San Francisco lọ́dún 2018 rí nǹkan bí ìdá 61 nínú 100, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ní ó tó, nítorí kì í ṣe ìjọba ló gbé e wá. Owó orí kan náà, ìlú kan náà, kóńgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀!

Alága ti ń fi aago hàn mí, nítorí náà n ó sáré gba orí ìpèpadà kọjá, ìyẹn kí ará ìlú yọ ẹni tí wọ́n dìbò yàn kí sáà rẹ̀ tó pé. Láti ọdún 1911 ni California ti ní in. Fún gómìnà, iye ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ tó ìdá 12 nínú 100 ìbò tí wọ́n dì fún ipò náà kẹ́yìn, láti káńtì márùn-ún ó kéré tán, láàárín 160 ọjọ́. Ẹ fi ojú sí i: ìbò tí wọ́n dì. Òun ni wọ́n fi yọ Gómìnà Gray Davis lọ́dún 2003. Lọ́dún 2021, wọ́n kó ju 1,495,709 tí òfin béèrè lọ jọ láti yọ Gómìnà Gavin Newsom, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò dé, nǹkan bí ìdá 62 nínú 100 ní kó dúró.

Ibí ni màmá kan ti nàwọ́ sókè: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Kí ló dé tí a kò tíì rí sẹ́nétọ̀ kan tí wọ́n pè padà ní Nàìjíríà láti 1999?”

Ẹ ṣé, Mà. Mo pa ìwé mi dé, nítorí ìdí kóńgò gan-an lẹ fọwọ́ kàn yẹn.

Abala 69 ìwé òfin wa (abala 110 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀) kò ka ìbò tí wọ́n dì rárá. Ó ní kí àwọn tó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ tọwọ́ bọ̀wé. Lẹ́yìn èyí ni INEC yóò ṣe ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá láàárín 90 ọjọ́. Orúkọ ẹni tó ti kú wà nínú ìwé yẹn. Ẹni tó ti kó lọ sí Èkó wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó jáde dìbò ààrẹ kò pé mílíọ̀nù 26. Ta ló máa wá rí ìdajì kó jọ?

Kogi West, 2017: wọ́n kó orúkọ tó lé ní 188,000 wá láti pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà. Nígbà tí INEC ní kí oníkálukú wá fojú hàn ní ibùdó ìdìbò rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2018, 18,742 péré ló fìdí múlẹ̀, ìdá 5.34 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Kogi Central, 2025: àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 474,554. Ìwé tó lòdì sí Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan ní ìbuwọ́lùwé 208,132, ìdá 43.86 nínú 100. INEC dá a nù láìtilẹ̀ dé orí àyẹ̀wò ojúkojú. Ẹ wá wò ó: ìbò tó gbé sẹ́nétọ̀ náà wọlé kò tó 60,000, ṣùgbọ́n ó gba èèyàn 237,278 kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé kó padà wálé. N kò sọ bóyá ó yẹ kó lọ tàbí kó dúró. Òdiwọ̀n náà ni mò ń bá jà.

Àwọn kan á ní bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gómìnà olówó á máa ra ìbuwọ́lùwé láti fi lé ọ̀tá rẹ̀ kúrò. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, ìdí nìyí tí n kò fi ní kí a mú ìdá 12 wọlé. Ohun tí mo fara mọ́ ni ìdá 30 nínú 100 ìbò tí wọ́n dì kẹ́yìn fún ipò náà, kó kárí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní ẹkùn, kí ìbò bẹ́ẹ̀ ni níkẹyìn má sì dín sí iye tó gbé aṣòfin náà wọlé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè nípa gómìnà ní Nàìjíríà. Rárá o, ará ìlú kò lè pe gómìnà padà; ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ nìkan ló lè yọ ọ́, lábẹ́ abala 188.

Fún ẹ̀yin tó sì fẹ́ gbìyànjú báyìí: ẹ to orúkọ sílẹ̀ ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ẹ má kó o pọ̀. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn aṣojú yín sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, nítorí nǹkan kékeré yẹn ni INEC kọ́kọ́ rí tó kù nínú ìwé Kogi Central. Kí ẹ sì fi ọkàn sí i pé ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé lónìí gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá lọ́jọ́ àyẹ̀wò.