Ẹ̀kú Dókítà: Ọ̀rọ̀ Lórí Doctor Who àti Àwa Tí A Fẹ́ràn Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Àbẹ́òkúta lọ́sàn-án Sátidé kan nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì yọ àwàdà tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín kúrò.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé orí Doctor Who, eré tẹlifíṣàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí, ó wò mí títí, ó ní, "Ní ọjọ́ orí yín yìí, Bàbá Tóbi?" Bẹ́ẹ̀ ni o, ní ọjọ́ orí mi yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, ẹ̀gbọ́n mi kan fi fídíò kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi láti London, apá mẹ́rin eré náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí pé kásẹ́ẹ̀tì máa ń ní eyín ike kékeré kan lẹ́yìn. Tí ẹ bá ti ṣẹ́ eyín yẹn dànù, ẹ̀rọ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ká nǹkan mìíràn lé e. Mo ṣẹ́ ẹ. Àbúrò bàbá mi wá fi sẹ́lótéèpù dí ojú ihò náà, ó sì ká ìsọmọlórúkọ lé e. Nígbà tí mo dé láti ilé ìwé, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Dókítà ń sáré lọ nínú ihò àpáta, ọ̀tá ń lé e bọ̀, ó kù díẹ̀ kó yà sí ọ̀tún, ni ìyá ọlọ́mọ bá jó wọlé pẹ̀lú onílù mẹ́ta. Títí dòní, n kò mọ bí Dókítà ṣe bọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: Dókítà kì í ṣe ènìyàn bíi tiwa. Inú àpótí aláwọ̀ búlúù kan, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá London máa ń ti inú rẹ̀ fóònù láyé àtijọ́, ló fi ń rìnrìn àjò lọ sí àná, lọ sí ọ̀la. TARDIS lorúkọ àpótí náà, inú rẹ̀ sì tóbi ju ìta rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 23, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1963 ni BBC kọ́kọ́ gbé e jáde, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa Ààrẹ Kennedy.

Ohun tí àbúrò bàbá mi ṣe fún mi, BBC ti ṣe é fún ara wọn ṣáájú. Téèpù wọ́n nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni á tún fẹ́ wo eré ọdún tó kọjá. Wọ́n pa eré rẹ́, wọ́n ká nǹkan mìíràn lé e. Apá tó lé ní 90 nínú ti àwọn ọdún 1960 ni kò ní àwòrán mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn gbogbo wọn pátá ló wà, ẹ sì gbọ́ bó ṣe jẹ́: àwọn ọmọdé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé rẹ́kọ́dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, tí wọ́n ní kí ará ilé má sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ká a sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni ín dà á nù. Ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ pa á mọ́.

Nàìjíríà náà wà nínú ìtàn yìí. BBC ta ẹ̀dà eré náà fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn káàkiri ayé, títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ní 2013, a gbọ́ pé Philip Morris, ọkùnrin kan tó máa ń wá fíìmù àtijọ́ kiri, ti rí agolo fíìmù ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Jos. Apá 11 ló wà níbẹ̀, 9 nínú wọn ni ayé ti rò pé ó ti lọ pátápátá. Ìtàn méjì ni wọ́n, The Enemy of the World àti The Web of Fear. Apá kẹta The Web of Fear kò bá wọn dé London, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni Dókítà ti kọ́kọ́ pàdé Lethbridge-Stewart, sójà tó padà di ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dunni?

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ti Jos, ojú sì tì mí díẹ̀. A bá òyìnbó tọ́jú tiwọn láìmọ̀. Tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní Oṣù Kẹwàá 1959. Eré Yorùbá tí àwọn òbí wa jókòó wò láwọn ọdún yẹn, mélòó ni ẹ lè fi han ọmọ yín lónìí?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí Dókítà. Ní 1966, ara William Hartnell, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe Dókítà, kò yá mọ́. Wọ́n bá ní bí Dókítà bá fẹ́ kú, á pààrọ̀ ara, ni Patrick Troughton bá bọ́ sípò rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi èyí wé Babátúndé. N kò gbà. Babátúndé kì í rántí gbèsè tí bàbá jẹ, Dókítà sì rántí gbogbo rẹ̀. Egúngún ló jọ. Ẹni tó ń gbé e lè kú, kí ọmọ rẹ̀ gbà á. Orúkọ egúngún kò ní yí padà, ìdílé á sì máa rán aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀kú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa kì í bèèrè ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú, BBC sì ń fi tiwọn kéde nínú ìròyìn. Nígbà tí wọ́n kéde Jodie Whittaker ní 2017, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa wọ̀ ọ́, ariwo tó sọ láàárín àwọn olólùfẹ́ eré náà kò lè ya ará Ẹ̀gbá lẹ́nu.

Ta wá ni ìdílé tó ni ẹ̀kú yìí? BBC gbé eré náà sílẹ̀ ní 1989. Yàtọ̀ sí fíìmù kan ní 1996, kò sí tuntun lórí tẹlifíṣàn títí di 2005. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ìtàn, wọ́n ṣe eré alóhùn. Russell T Davies tó gbé e padà, ọmọdé tó ń wò ó nílé ni tẹ́lẹ̀. Peter Capaldi kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ìwé ìròyìn Radio Times nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. Ní 2013, òun náà bọ́ sábẹ́ aṣọ. Ní 2025, wọ́n gbé Dókítà wá sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Èkó. Inua Ellams ló kọ ọ́, Jos ni wọ́n sì bí i sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, màmá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọkọ òun tó ti dolóògbé bá iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ṣiṣẹ́, agolo fíìmù kan sì ṣì wà nílé. Mo tẹ̀lé wọn lọ sí Ìtòkú lọ́jọ́ kejì. Agolo ribiti ni lóòótọ́, ó ti dípẹtà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti ya, nọ́ńbà méjì péré ló kù lórí rẹ̀. Màmá ṣí i fún mi. Ìyẹ́ adìyẹ ló kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Mo ní, "Màmá, fíìmù inú rẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n ní àwọn ọmọ ti fi ṣeré tipẹ́. Mo ṣáà kó ìyẹ́ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wo ìdí agolo, mo sì bá wọn kó o padà.