Ìméfò Kọ́ Ni Ìwé Kíkà

Àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ àti òbí ní Òṣogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé. Kí ẹ tó dé ibí lónìí, ẹ ti kọjá lára pátákó tí wọ́n kọ OSOGBO sí, àti òmíràn tí wọ́n kọ OSUN sí. Lójú pátákó, lẹ́tà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ méjèèjì. Ẹ wá pè wọ́n sókè: Òṣogbo. Ọ̀ṣun. Ẹnu yín ò ṣí bákan náà. Àmì márùn-ún ló sọnù nínú orúkọ méjì péré, méjì lára Òṣogbo, mẹ́ta lára Ọ̀ṣun. Ibi tí ọmọ ọdún mẹ́fà ti kọ́kọ́ ń rí ìwé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ọmọ tí a kò bá fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kọ́ láti ọjọ́ kìíní, ìméfò là ń kọ́ ọ.

Ẹ wo ohun tí mo kọ sójú pátákó yìí: Baba ra oko. Kí ni bàbá rà? Mo gbọ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ ọkọ́. Ẹnìkan lẹ́yìn ní oko. Gbogbo yín lẹ gbà á, torí kò sí ohunkóhun lójú pátákó tó lè já ẹnikẹ́ni nírọ́. Àgbà á fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kò rí ìyẹn ṣe, àwòrán ló máa ń wò. Tí mọ́tò bá wà níbẹ̀, á pariwo “ọkọ̀”, olùkọ́ á ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán yẹn, kí ẹ tún ní kó kà á. Á wo ojú yín. Kò wo ìwé, ojú yín ló ń wò, bóyá á rí ìdáhùn níbẹ̀.

Etí la fi ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Kí àwọn ọmọ máa pàtẹ́wọ́ sí sílébù: Ò-ṣo-gbo, mẹ́ta, Ọ̀-ṣun, méjì, à-dì-rẹ, mẹ́ta. Tí èyí bá ti wọ̀ wọ́n lára, ẹ wá sí dò, rẹ, mí. Ẹ kùn orúkọ ọmọ kan láìlanu, kí kíláàsì sọ ẹni tí ẹ pè. Òjó jẹ́ dò-mí, Adé jẹ́ rẹ-mí, Bísí jẹ́ mí-mí. Ọmọ tó ti gbọ́ dùndún rí mọ̀ pé ìlù lè pe èèyàn lórúkọ láìní ẹnu. Iṣẹ́ yẹn gan-an nìyí, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń wáyé.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. Álífábẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ 25, kọ́ńsónáǹtì 18, fáwẹ̀lì 7. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kó máa kọ ọ́ lórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń ki oríkì. Ẹ mú mẹ́fà: a, i, o, b, d, l. Ẹ so wọ́n pọ̀, sílébù mẹ́sàn-án ni: ba, bi, bo, da, di, do, la, li, lo. Ẹ fi ohùn mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 27. Ẹ wo ohun tí ọmọ lè kà báyìí: odò, odó, òdo. Ilá, ilà, ìlà. Bàbá, bàbà. Ó tilẹ̀ lè ka odindi gbólóhùn: Odó bàbá dà? Lẹ́tà mẹ́fà, kò sì sí àwòrán kankan níbẹ̀. Tó bá pe odó ní odò, ẹ má sọ fún un pé ó kùnà. Ẹ na ìka sí àmì tó wà lórí o kejì, kí ẹ dákẹ́. Á gòkè fúnra rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé àmì ohùn ń dẹ́rù ba ọmọ. Àgbà ló ń bà lẹ́rù, torí wọn ò kọ́ wa dáadáa. Ọmọ tí kò rí ìwé rí kò mọ̀ pé ẹnìkan ń kọ odò láìfi àmì sí i. Lójú tirẹ̀, ara lẹ́tà ni àmì. Ohun tó ń sọ ọ́ di ẹrù ni pé a máa ń jẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ tán, kó tó wá máa to àmì lé e lórí bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kí ó fi àmì sí sílébù kan kó tó kọ èyí tó tẹ̀lé e.

E àti ẹ, o àti ọ: ẹ má kọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí o jókòó dáadáa kí ọ tó wọlé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n bá pé, ẹ fi àṣírí yìí hàn wọ́n: nínú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àkànpọ̀, e àti o kì í bá ẹ àti ọ gbé. Ewé, ejò, òwe ń ṣe tiwọn. Ẹsẹ̀, ọ̀bẹ, ẹ̀gẹ́ ń ṣe tiwọn. Ọmọ tó kọ “obẹ̀” á rí i fúnra rẹ̀ pé àlejò ni o yẹn. Ìbọn àti ìtàn náà ńkọ́? Ìró fáwẹ̀lì ìparí wọn kan náà ni létí, ìwé ló kọ wọ́n lọ́tọ̀: lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, ọn là ń kọ, lẹ́yìn àwọn tó kù, an.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí, ẹ jẹ́ kí n sáré.

Kíkà àpapọ̀: gbogbo kíláàsì ń pariwo, ọmọ márùn-ún ló ń kàwé, àwọn tó kù ń gbè é. Ẹ na ìka sí ọ̀rọ̀ kẹta láti ẹ̀yìn, kí ẹ pe ẹnìkan. Ibẹ̀ ni àkọ́sórí ti ń tú. Àpèkọ: ọ̀rọ̀ márùn-ún lójoojúmọ́, ó tó. Ní ìparí oṣù, kí ọmọ ka ojú-ewé tí kò rí rí fún ìṣẹ́jú kan; ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó kà tọ̀nà, kí ẹ fi wé tirẹ̀ ti oṣù tó kọjá, kì í ṣe ti ẹnìkejì rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ẹ mọ ìtàn iṣẹ́ ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní Modákẹ́kẹ́, kò jìnnà síbí. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n pa á tì ní 2025. Ó dùn mí, mi ò ní fi pamọ́. Ọmọ tó mọ Yorùbá kà ti mọ 21 nínú lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì. C, q, v, x, z ló kù. Ẹ kàn ṣọ́ p, torí p inú pápá kọ́ ló wà nínú pen, kí ẹ sì ṣọ́ kọ́ńsónáǹtì tó tò tẹ̀léra bíi ti street.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilé ìkàwé nígbà tí ìyá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ tèmi ń kàwé bí ẹni ń mu omi. Tí n bá bi í pé kí ló kà, kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò sì mọ̀wé tí màá fi yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ẹ ṣeun, mà. Ìbéèrè yìí ju ohun tó kù nínú ìwé mi lọ. Ní 1986, Gough àti Tunmer, àwọn onímọ̀ nípa ìwé kíkà, sọ kíkà tó yéni bí ìṣirò: pípe ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú gbígbọ́ èdè yé. Tí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, apá kìíní ni. Apá kejì wà lọ́wọ́ yín nílé, kò sì béèrè pé kí ẹ mọ̀wé. Ẹ pa àlọ́ fún un, kí ẹ dúró ní àárín, kí ẹ ní kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Tó bá ka ojú-ewé kan, kó pa ìwé dé, kó sọ ọ́ fún yín: ta ló ṣe é, kí ló ṣe, kí ló fà á?

“Tó bá jẹ́ ìwé òyìnbó ńkọ́, sà?”

Kó kà á lóyìnbó, kó sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá, mà. Ibi tó bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni kò yé e. Ẹ ní kó ṣí ìwé, kó padà síbẹ̀.