Ibi tí Abẹ́rẹ́ ti Ń Kan Àwo: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn DJ

Ẹ̀yin olólùfẹ́ àwo orin, ẹ kú ìjókòó. Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, ìyẹn ibi tí orí abẹ́rẹ́ ti ń kan àwo. Dáyámọ́ńdì ni orí abẹ́rẹ́, ike ni àwo, poro tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ sì ní ògiri méjì tó dagun kọjú síra. Nítorí pé ojú tí wọ́n fi ń kan ara kéré gan-an, gíráàmù 3 péré ti di ẹrù ńlá lára ògiri wọ̀nyẹn.

Ẹni tó kàn jókòó gbọ́ orin ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gba poro kọjá lẹ́ẹ̀kan. DJ ní tirẹ̀ ń fi ọwọ́ fa àwo síwá sẹ́yìn níbi tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó tó tú u sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwo fi ń hó ṣìì ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, tí àárín rẹ̀ sì ṣì mọ́ kedere. Àwọn àwo kékeré oní 45, ìyẹn èyí tó ń yí nígbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n fi irú ike kan tó ń jẹ́ polystyrene ṣe, tí wọ́n pọ̀ ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, kì í fara da irú fífà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ àárín àwo láti fi sàmì sí ibi tí ìlù wà, kí ẹ má baà máa fi abẹ́rẹ́ wá a kiri.

Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n fi kún ìwúwo rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá tábìlì tẹ́jú, bóyá ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń mì ín, àti bóyá slipmat, ìyẹn aṣọ pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sábẹ́ àwo, ń yọ̀ dáadáa. Ìwúwo tó kéré jù náà ń ba àwo jẹ́, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí kò fìdí múlẹ̀ á máa gbá ògiri poro bó ṣe ń lọ. Ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe abẹ́rẹ́ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Láàárín gíráàmù 2 sí 5 ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ DJ wà, òṣùwọ̀n kékeré kan ni yóò sì sọ òtítọ́ fún yín. Fún ẹni tó ń fa àwo sẹ́yìn lemọ́lemọ́, abẹ́rẹ́ olórí róbótó ló yẹ, torí pé ti olórí gígùn bí ẹyin (elliptical) máa ń ní etí tó túbọ̀ mú.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ti gbó ni mo kà sí ọ̀tá tó burú jù. Bí dáyámọ́ńdì bá ti jẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pẹlẹbẹ, etí ibi pẹlẹbẹ náà á sì mú bí ọ̀bẹ. Mo lo ọ̀kan pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé ohùn rẹ̀ ṣì dára létí mi. Nígbà tí mo fi abẹ́rẹ́ tuntun rọ́pò rẹ̀ ni mo tó gbọ́ ohun tó ti ṣe sí àwọn àwo tí mo fẹ́ràn jù, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹ máa kọ iye wákàtí tí abẹ́rẹ́ bá ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, kí ẹ sì gbọn slipmat pẹ̀lú, nítorí pé iyanrìn tó bá wà lórí rẹ̀ ń ha abẹ́ àwo.

Ní ti àwo tí kò ṣeé rí rà mọ́, ẹ gbà á sínú kọ̀ǹpútà nígbà tó ṣì mọ́, kí ẹ sì máa fi àwo timecode darí rẹ̀, ìyẹn àwo tí kò ní orin, àmì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọwọ́ yín ṣe ń yí i ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí Serato, ètò kọ̀ǹpútà àwọn DJ, ń lò. Bí àwo timecode bá jẹ tán, a ó ra òmíràn.