Ọwọ́ ló ń rántí: ẹ jẹ́ ká kọ 休 pọ̀

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ mú ìwé àti bírò, àmọ́ ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí mo kọ sórí pátákó yìí: 休. Xiū ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, ìsinmi ni. Ènìyàn wà lápá òsì, igi wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó fẹ̀yìn ti igi, ṣé ẹ rí i?

Bí ojú yín ṣe rí i, apá ọpọlọ tó wà ní ìpàkọ́ ló kọ́kọ́ gbà á, kó tó dé ibi tó ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀, nísàlẹ̀ lápá òsì. Mímọ̀ ọ́n lójú nìyẹn. Kíkọ ọ́, iṣẹ́ mìíràn ni.

Ó yá, ìka ìlábẹ̀ sókè! Ìlà kìn-ín-ní dà sí òsì. Èkejì, ẹ fà á wálẹ̀ gbọọrọ. Ènìyàn ti dé. Ẹ̀kẹta ní ìbú, ẹ̀kẹrin ní òró, ẹ̀karùn-ún dà sí òsì, ẹ̀kẹfà dà sí ọ̀tún. Ẹ má yí i padà o, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa tò ó nígbà gbogbo. Ní 1881, Sigmund Exner, dókítà kan ní Vienna, tọ́ka sí ibì kan níwájú ọpọlọ lápá òsì pé ibẹ̀ ló ń darí ọwọ́ tó ń kọ̀wé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ibẹ̀. Bí ẹ bá ń to ìlà bákan náà lójoojúmọ́, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ijó.

Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé. Níbi ìlà ìkẹfà, ẹ tẹ bírò mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè sanra.

Ẹ fi ọwọ́ bò ó, kí ẹ tún un kọ. Ó sá mọ́ yín lórí? Ẹ má yọjú wò ó! Ẹ fi ìka kọ ìlà àkọ́kọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, àwọn tó kù sábà máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn ará Ṣáínà pàápàá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ìlà kúkúrú kan sídìí igi yẹn: 体. Ó ti di ara ènìyàn.

Fóònù ló kó bá wa. Ẹ tẹ ìró ọ̀rọ̀ ní ABC, ó kó lẹ́tà jáde, ẹ mú ọ̀kan. Ojú ṣiṣẹ́, ọwọ́ sùn. Wọ́n lórúkọ fún un ní Ṣáínà: tíbǐ wàngzì, ẹni tó gbé bírò tó gbàgbé lẹ́tà. Èmi tí mò ń kọ́ yín yìí, 嚏 tó wà nínú ọ̀rọ̀ Ṣáínà fún kí ènìyàn sín ti dójú tì mí rí níwájú kíláàsì. Ìlà 17 ni. Ẹ dá fídíò dúró, òun ló kàn.