Ta Ló Ń Wo Ta? Ọ̀rọ̀ Lórí South Park àti Àwọn Òǹwòran Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì sílẹ̀: ọ̀rọ̀ ìsó yóò wáyé lónìí. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ South Park tí kò dárúkọ ìsó, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kàtúùnù ni, àmọ́ ti àgbàlagbà ni. Nílé wa, bí ọmọ bá ń yọni lẹ́nu, a máa ń tan kàtúùnù fún un ká lè ráyè se ọbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí dán an wò. (Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.) Trey Parker àti Matt Stone ló dá a sílẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1997 ló kọ́kọ́ jáde lórí Comedy Central ní Amẹ́ríkà. Ọmọdékùnrin mẹ́rin, Stan, Kyle, Cartman àti Kenny, ló ń gbé ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ẹnu wọn ò ní ìjánu rárá. Ní ti Kenny, fún ọdún bíi márùn-ún àkọ́kọ́, ikú ni iṣẹ́ rẹ̀: á kú lọ́sẹ̀ yìí, á tún wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó di ọdún 2010, wọ́n wá jẹ́ ká rí i pé gbogbo ìgbà tó bá ti kú ni ìyá rẹ̀ tún ń bí i. Àbíkú gidi! N kò rò pé àwọn tó kọ ọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí.

Bébà tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ni wọ́n fi ṣe èyí àkọ́kọ́, ó sì gbà wọ́n tó oṣù mẹ́ta. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ náà di ti ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ di ìyẹn mú, torí òun ló jẹ́ kí wọ́n lè máa fèsì fáwọn tó ń wò wọ́n kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Ní ọdún 2016, nígbà tí Trump wọlé ìbò, lọ́jọ́ kejì gan-an ni South Park jáde. Hillary ni wọ́n ti rò pé yóò wọlé, ni wọ́n bá tún ìtàn náà kọ mọ́jú.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọn alámèyítọ́ ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìsó àti bébà tí wọ́n gé wúruwùru lọ. Kí làwọn méjì yìí ṣe? Wọ́n dá Terrance àti Phillip sílẹ̀, àwọn aláwàdà ará Kánádà tí gbogbo ẹ̀fẹ̀ wọn kò ju ìsó lọ, tí wọ́n sì gé wúruwùru ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn ọmọ mẹ́rin wa wá ń jókòó sídìí tẹlifíṣàn, wọ́n ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kú. Èébú òǹwòran ti di oúnjẹ fún ẹni tí a bú. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe é dára tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún kejì ni wọ́n wá fi òǹwòran gan-an ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 1998, wọ́n fi ìbéèrè kan sílẹ̀: ta ni bàbá Cartman? Wọ́n ní kí àwọn èèyàn dúró de ìdáhùn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin pé, gbogbo èèyàn jókòó, Terrance àti Phillip ni wọ́n rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìsó! Ọjọ́ ẹ̀tàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú bí àwọn òǹwòran burúkú, wọ́n sì kọ̀wé ìbínú ránṣẹ́. Ọjọ́ 22 oṣù náà ni wọ́n tó rí ìdáhùn gbà. Àwọn tí kò bínú sí èébú Ọlọ́run, tí kò bínú sí èébú ìyá onííyá, ìdádúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bí wọn nínú.

Ọ̀rọ̀ Chef ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Òun ni alásè ilé-ìwé wọn, Isaac Hayes olórin ló ń fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005 wọ́n fi ẹ̀sìn Scientology ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀sìn Hayes sì ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2006 a gbọ́ pé ó ti kúrò. Matt Stone fèsì pé nígbà tí àwọn ń fi Kìrìsìtẹ́nì ṣe yẹ̀yẹ́, kò rí wí. Bí ọ̀pọ̀ òǹwòran ṣe ń sọ ìtàn náà títí dòní nìyẹn: ẹ̀fẹ̀ dùn títí ó fi kan ilé rẹ̀. Àmọ́ ọmọ Hayes sọ lẹ́yìn náà pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá òun nígbà náà, pé àwọn ẹlòmíràn ló bá a fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà sì ti kú ní ọdún 2008. Mi ò ní dá a lẹ́jọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìtàn àkọ́kọ́ ló tẹ́ àwọn òǹwòran lọ́rùn, òun ni wọ́n sì mú.

Ní ọdún 2001, South Park ya Ànábì Muhammad, ariwo kankan kò sọ. Ní ọdún 2005, ìwé ìròyìn kan ní Denmark tẹ àwòrán tirẹ̀, ayé gbóná. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin ọdún 2010 tí South Park tún fẹ́ ṣe é, ìhàlẹ̀ ikú dé, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn sì bo àwòrán, ó bo orúkọ, ó tún fi ariwo fèrè bo ọ̀rọ̀ ìkádìí pátá. Mùsùlùmí pọ̀ níbí, mi ò ní fi hàn yín. Àlejò ni mí nínú gbọ̀ngàn yìí.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé gbogbo èèyàn ló ń bú, nítorí náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ò gbà. Lọ́jọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, ẹ ó gbọ́ ohun tí etí ò gbọdọ̀ gbọ́, kò sì ní di ìjà, torí ẹni tó ń kọrin àti ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ mọ́ jọ ni ọjọ́ náà ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1997, àwọn ọmọ South Park fi owó àánú ránṣẹ́ nítorí aago ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà, ọmọ Ethiópíà kan ni wọ́n rí gbà dípò rẹ̀. Òyìnbó tó ń wò ó rí i pé àwọn aláàánú orí tẹlifíṣàn ni wọ́n ń bú, òótọ́ sì ni. Èmi wò ó, egungun ìhà ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ rí. Ta ló bi ará Ethiópíà bóyá òun wà nínú ọdún náà?

Ọmọ dúdú kan wà nínú kíláàsì wọn. Token Black ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹyọ kan tí wọ́n mú kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọn ò mú dúdú. A rẹ́rìn-ín sí i fún ogún ọdún ó lé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, bàbá ọmọ náà ṣàlàyé pé Tolkien ni orúkọ rẹ̀, orúkọ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì. Ojú ti Stan, tó ti ń rò pé Token ni. Àwọn òǹwòran kan ní wọ́n ń tún ìtàn kọ, àwọn mìíràn ní ẹ̀fẹ̀ tó gọntiọ ni. Èmi rẹ́rìn-ín gan-an ni. Ìgbà tí mo pa tẹlifíṣàn tán ni mo rántí pé èmi náà, dúdú bíi tirẹ̀, Token ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ yìí wá, n kò sì bi ara mi léèrè rí.