Táírọ́ìdì Ìyá àti Oyún tí ó ti Ọ̀nà IVF Wá

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ wá gbọ́rọ̀, mo kí yín o. Láti àwọn ọdún 1980 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ IVF, ìyẹn pípo ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ lóde ara, ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àrábà, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti gba ọ̀nà yìí gbọ́mọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà wọ́n. Àwọn kan ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí owó rẹ̀ san, àwọn kan yá owó àjẹṣẹ́kù, síbẹ̀ mo ṣì ń rí obìnrin tí ó gba abẹ́rẹ́ tán, tí wọ́n fa ẹyin rẹ̀ tán, tí wọ́n gbé ọlẹ̀ sí ilé ọmọ rẹ̀ tán, tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ táírọ́ìdì rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni, TSH ni wọ́n ń pè é, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìtọ́jú yòókù. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Bí a bá rí ẹni tí ó ní gẹ̀gẹ̀, táírọ́ìdì rẹ̀ ni ó wú yẹn. Iwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, ni ẹṣẹ́ náà, ìyẹn ẹ̀yà ara tí ó ń pèsè họ́mónù, wà, ó sì rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Áyódìnì tí a ń jẹ nínú iyọ̀ ni ó fi ń ṣe họ́mónù T4 àti T3, àwọn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti darí iṣẹ́ ara. Nítorí gẹ̀gẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọrùn kò bá ti wú, kò sí ohun tí ó ṣe táírọ́ìdì, bẹ́ẹ̀ ni ó lè ti rẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan lọ́rùn. TSH kì í ti ara táírọ́ìdì wá. Ẹṣẹ́ kékeré kan tí ó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ni ó ń rán an, bí ìgbà tí ọ̀gá bá ń pe òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ń jẹ́, ọ̀gá kò ní í pariwo; bí kò bá jẹ́, ohùn ọ̀gá á máa lọ sókè. Nítorí náà, nígbà tí TSH bá pọ̀ nínú ìwé àyẹ̀wò, táírọ́ìdì ni kò ṣiṣẹ́ tó. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí i.

Bí họ́mónù yìí bá dín, nǹkan oṣù lè máa wá ségesège tàbí kí ó máa ya bí omi, prolactin tí ó ń mú omi ọyàn wá sì lè gòkè débi tí ẹyin kò fi ní í jáde mọ́. Ṣùgbọ́n lórí ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù. Táírọ́ìdì ọlẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12, kì í sì í pèsè họ́mónù tí ó lè tó ọmọ lò títí oyún yóò fi sún mọ́ ìdajì. Ní gbogbo àkókò tí à ń mọ ọpọlọ rẹ̀ yìí, ti ìyá ni ó ń lò. Ní 1999, àwọn oníwádìí ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, yẹ àwọn ọmọ ọdún 7 sí 9 wò: àwọn tí họ́mónù táírọ́ìdì ìyá wọn kò tó nígbà oyún, tí a kò sì tọ́jú rẹ̀, fi nǹkan bí máàkì 7 rẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ yòókù nínú ìdánwò làákàyè. Àwọn ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà, tí wọ́n fún aláboyún ní oògùn lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ní tèmi, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé wọ́n ti pẹ́ jù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní ńlá sì ni obìnrin tí ó ń ṣe IVF ní níbí: a mọ ọjọ́ tí oyún rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, a lè ti múra sílẹ̀ dè é.

Ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ ń di ẹrù lé táírọ́ìdì lórí. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú kí ẹyin púpọ̀ gbó lẹ́ẹ̀kan náà ń mú kí estrogen, họ́mónù obìnrin, inú ẹ̀jẹ̀ fò sókè láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10, nígbà tí oyún tí kò gba ọ̀nà IVF wá máa ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Estrogen á mú kí ẹ̀dọ̀ fi kún èròjà tí ó ń gbé họ́mónù táírọ́ìdì kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Bí èròjà yìí ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò máa di họ́mónù mú, èyí tí ara lè rí lò á sì dín. Táírọ́ìdì tí ara rẹ̀ le á fi kún iṣẹ́. Èyí tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní í lè ṣe é. Ìdí nìyí tí ìlànà ọdún 2017 ti American Thyroid Association, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ táírọ́ìdì ní Amẹ́ríkà, fi ní kí a ṣe àyẹ̀wò kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé èyí tí a bá ṣe láàárín rẹ̀ ṣòro láti túmọ̀. Bí TSH obìnrin tí ó fẹ́ ṣe IVF bá ti kọjá ààlà, kódà kí T4 rẹ̀ má tíì dín, ìlànà náà ní kí a fún un ní levothyroxine, oògùn tí ó ń dípò họ́mónù táírọ́ìdì, kí TSH rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ 2.5 mU/L.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ: oògùn tí wọ́n ń fún sínú ilé ọmọ láti ya àwòrán HSG, èyí tí a fi ń wo ilé ọmọ àti ọ̀nà ẹyin, ní áyódìnì púpọ̀ nínú, pàápàá èyí tí ó jẹ́ olóròóró, ó sì lè da táírọ́ìdì láàmú fún oṣù mélòó kan. Ẹni tí ó bá ṣe é, kí ó tún TSH rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ìwé àyẹ̀wò mìíràn máa ń gbé anti-TPO jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ogun ara ti kọjú ìjà sí táírọ́ìdì. Oyún ń bàjẹ́ lára irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà ń fún wọn ní levothyroxine bí TSH wọn tilẹ̀ dára. Wọ́n dán an wò ní Beijing lára obìnrin 600 tí ó ń ṣe IVF, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2017: nínú àwọn tí ó lóyún, oyún bàjẹ́ lára ìdá 10.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo oògùn, ó sì bàjẹ́ lára ìdá 10.6 àwọn tí kò lò ó. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019, tí ó kó obìnrin 952 jọ, rí ohun kan náà. Ó ń dùn mí láti sọ èyí fún ẹni tí ó ń wá ohunkóhun tí yóò di oyún rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ tan yín: bí TSH bá dára, oògùn yìí kò ní í ṣe ohun tí ẹ ń retí. Ohun tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nílò ni kí a máa tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin títí dé ìdajì oyún, kí a lè tètè rí i bí táírọ́ìdì bá ń ṣàárẹ̀.

Ní ti ẹni tí oògùn tọ́ sí, bí ó ṣe ń lò ó ló kù. Mo sábà máa ń ní kí obìnrin fi bí ó ṣe ń lo oògùn láàárọ̀ hàn mí. Á da gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kan: folic acid, oògùn ẹ̀jẹ̀ pupa, calcium, àti hóró levothyroxine kékeré láàárín wọn, á dà wọ́n sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, á fi ògì gbígbóná sìn ín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti calcium á dì mọ́ levothyroxine nínú ikùn, díẹ̀ ni yóò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi lo levothyroxine, lórí òfìfo ikùn, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó jẹun. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ àti calcium dúró di wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá sì ti fi hàn pé oyún ti dúró, ẹni tí ó ti ń lo hóró levothyroxine kan lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ tí yóò tún rí dókítà kí ó tó fi kún un. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004 fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ara ti ń béèrè púpọ̀ sí i, àti pé ohun tí ó ń béèrè lè fi bí ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí oyún tó dé ìdajì. Kí ẹ bá dókítà yín ṣe àdéhùn kí oyún tó dé, pé lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà, hóró méje ọ̀sẹ̀ kan yóò di mẹ́sàn-án: ẹ lè lo méjì lọ́jọ́ Ajé àti méjì lọ́jọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, á padà di méje, a ó sì tún TSH yẹ̀ wò bí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí ẹ bá gbé e wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.