Omi Òkè Ẹrẹ̀ àti Ibi Tó Ti Ń Bọ̀

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá nìyí.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí omi kànga ṣe máa ń níyọ̀ lẹ́nu. Òkun àti ọ̀sà ló rọra wọ abẹ́ ilẹ̀ wa. Omi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí yàtọ̀. Inú ẹrẹ̀ tí òkun kó jọ láyé àtijọ́ ló ti ń jáde, síbẹ̀ iyọ̀ rẹ̀ kì í sábà tó ti òkun. Kí ló bomi là á?

Òkè ẹrẹ̀ kì í da òkúta yíyọ́ bí òkè ayọnáyèéfín. Ẹrẹ̀, omi àti gáàsì ló ń bì, methane ló sì sábà máa ń pọ̀ jù nínú gáàsì náà. Ní Azerbaijan, wọ́n lé ní 300, lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ òkun Caspian.

Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 19 chloride, èròjà kan nínú iyọ̀. Ti ọ̀pọ̀ omi òkè ẹrẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, amọ̀ ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ wo gàrí: bí a bá rin ẹ̀gẹ́ tán, tí a dì í sápò, tí a gbé òkúta lé e, omi á ro, ṣùgbọ́n èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ní jáde, àfi tí a bá gbé e kaná. Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ tí wọ́n ń pè ní smectite rí. Ìwúwo ilẹ̀ á kọ́kọ́ fún omi òkun jáde lára rẹ̀. Bó bá wá rì jìn, tí ooru ibẹ̀ wà láàrin nǹkan bí 60 sí 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, smectite á máa di illite, oríṣi amọ̀ mìíràn, omi tó há sáàrin ìpele rẹ̀ á sì tú sílẹ̀. Omi yẹn kò níyọ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì gbà. Yìnyín methane, ìyẹn omi dídì tó há gáàsì methane mọ́ inú, wà lábẹ́ òkun; omi tí kò níyọ̀ lòun náà ń dà bó bá yọ́. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù. Àwọn méjèèjì ló ń mú kí oxygen-18, oríṣi oxygen tó wúwo, pọ̀ sí i nínú omi, ṣùgbọ́n omi yìnyín á mú deuterium, oríṣi hydrogen tó wúwo, lọ sókè, omi amọ̀ á sì mú un wálẹ̀. Èròjà boron náà ń jẹ́rìí: ooru ló ń lé e kúrò lára amọ̀, nítorí náà, bí chloride bá kéré tí boron sì pọ̀, amọ̀ ni kí ẹ fura sí.

Lithium àti magnesium tún ń sọ bí ibi tí omi ti wá ṣe gbóná tó. Ẹrẹ̀ lè tutù lọ́wọ́ lókè, kí ìṣirò wọn sì fi hàn pé inú ooru líle lomi rẹ̀ ti gbéra.

A ní tiwa. Òkè ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun jíjìn níwájú Niger Delta. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ Èkó máa bèèrè omi inú ẹrẹ̀ tí wọ́n bá gbé wá láti ibẹ̀, kì í ṣe epo nìkan. Bí ẹrẹ̀ náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ fún omi jáde lára rẹ̀, ẹ sẹ́ omi náà, kí ẹ pín in sí ìgò méjì: ẹ kán ásíìdì sí ọ̀kan fún lithium àti magnesium, ẹ fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún chloride. Ìgò oníke ni kó jẹ́ o, torí boron wà lára ọ̀pọ̀ gíláàsì yàrá ìwádìí, ó sì lè jò sínú omi yín.